Wáyà Méjì Nínú Yàrá Iwájú

Ẹ̀wà ni ìyàwó mi ń ṣà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn. Ó gbé àwo pẹrẹsẹ lé itan, ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó ń yọ òkúta kúrò láàárín ẹ̀wà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n sínú ọmọrí agolo mílíìkì. Àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa láti Ìbàdàn ni ìyàwó mi ń pè. Wọn ò tíì dá a lóhùn. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dá a dúró, orin òyìnbó tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Tó bá dé ibì kan á já, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ láti orí àga tí mo jókòó sí. Nígbà tó ṣa ẹ̀wà tán, ó ní kí n wá bá òun di fóònù mú, ó lọ gbé e kaná, ó padà wá gbà á lọ́wọ́ mi. Orin náà ṣì ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wo ojú ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nínú fóònù tó wọnú àpò, wọn ò sì mọ ohun tí mò ń wí tí mo bá ní íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń gba inú wáyà fóònù ilé kọjá nígbà kan, tí á máa ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́ láìbínú. Kò ṣeé ṣe. Inú tó bí mi lọ́sẹ̀ yẹn ṣì ń bí mi, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tó ń fi irú rẹ̀ pamọ́.

Ìyàwó mi ṣiṣẹ́ títẹ ìwé fún ìjọba ìbílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ yàrá iwájú ilé wa, èyí tó kọjú sí títì, di ṣọ́ọ̀bù. Ó ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé, ó ń ṣe fọ́tókọ́pì, àwọn tí kò ní fóònù sì ń wá pe ènìyàn wọn níbẹ̀. Èmi ń kọ́ni nílé ìwé girama. Àkọ́bí wa wà lókè òkun, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú kan tí yìnyín ti ń bọ́. Nítorí rẹ̀, àti nítorí àwọn òbí mìíràn n'Ìwó tí ọmọ wọn wà nírú ibẹ̀, ni ìyàwó mi ṣe ní kí a gba íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ìlà fóònù méjì ló wọ yàrá náà. Ọ̀kan jẹ́ ìlà àtijọ́, bàbá mi ni wọ́n fún nígbà tí fóònù ṣì ṣọ̀wọ́n n'Ìwó, a sì fà á wá sí ilé mi nígbà tí mo kọ́lé síwájú ilé rẹ̀. Ìkejì jẹ́ tuntun, ìyàwó mi ló gbà á fún ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin tí ilé iṣẹ́ náà rán sí wa láti Ìbàdàn de táì, ooru sì mú un. Ó wo wáyà méjèèjì, inú rẹ̀ dùn.

"Mà, ìlà kan á máa fà bí ìgbín," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká so méjèèjì pọ̀. Kọ̀ǹpútà á máa lò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni fi ọwọ́ méjèèjì jẹun."

"Ẹni tó ń fi ọwọ́ méjèèjì jẹun," ìyàwó mi dá a lóhùn, "ṣé ẹ ti rí i kó yó rí? Ńṣe ló ń dà á sílẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó so wọ́n pọ̀, ó lọ. A ò tún fojú kàn án mọ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà náà ní módẹ́mù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, àpótí pẹlẹbẹ tó ń bá wa tẹ nọ́ńbà àwọn ará Ìbàdàn. Èyí tó wà lórí ìlà àtijọ́ á kọ́kọ́ pè, á ké, á wọlé. Lẹ́yìn náà èyí tó wà lórí ìlà tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Bó bá ti kù díẹ̀ kí ìlà kejì wọlé, ìlà kìíní á já, tí ìyẹn bá sì ti já, gbogbo rẹ̀ dá nìyẹn; bí ọkùnrin náà ṣe so wọ́n, ọ̀kan kò lè dá ṣiṣẹ́ láìsí ìkejì. Ojoojúmọ́ ni. Kò sí ẹni tó rí i tí kò ní sọ pé ìlà kejì ló ń lé ti àkọ́kọ́ jáde, bí orogún.

Ohun tí àwọn ará Ìbàdàn náà sọ nìyẹn. Wọ́n ní ìlà kejì ni. Wọ́n ní kí a pa ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, kí a tún un kó sí i. A ṣe é. Wọ́n ní módẹ́mù ni, kí a ra òmíràn. A rà á. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ fóònù n'Ìwó ni. Àwọn yẹn wá, wọ́n gun òpó, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní wáyà àwọn mọ́ tónítóní, Ìbàdàn ni kí a di mú. Mo di Ìbàdàn mú. Mo kọ ìwé sí wọn, ìyàwó mi sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Wọn ò fèsì.

Èyí tó burú jù ni bí wọ́n ṣe ń bá wa wá àìsàn náà. Tí a bá fẹ́ pè wọ́n, ọ̀kan nínú ìlà méjèèjì la máa fi pè wọ́n. Àìsàn náà kò sì ní hàn àfi tí ìlà méjèèjì bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé fóònù á ní, "Ẹ jù ú sílẹ̀, kí ẹ gbìyànjú rẹ̀, kí ẹ wá padà pè wá." Ó dà bí dókítà tó ní kí aláìsàn kúrò níwájú òun, kó lọ húkọ́ nílé, kó wá padà wá ròyìn ikọ́. Tí a bá sì pè padà, lẹ́yìn orin, ẹlòmíràn la máa bá. Ẹni yẹn kò mọ nǹkan kan nípa wa. Á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: "Ṣé ẹ ti tan kọ̀ǹpútà, mà?"

Ìyàwó mi ní sùúrù jù mí lọ, òun ni kì í jẹ́ kí n gba fóònù. Ó máa ń kí wọn dáadáa kó tó sọ ohun tó ń ṣe é, bí ẹni dé ilé àna, àwọn yẹn a sì máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Òun náà ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ó rí i pé tí òun bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pe Ìbàdàn kété tí ládáànì bá ti pèrun tán, ìlà méjèèjì á wọlé, wọn á sì dúró fún ìgbà díẹ̀. Kò sọ pé òun mọ ìdí rẹ̀. Ó kàn ní ohun tí ojú òun rí nìyẹn. Ó sọ fún ọkùnrin kan n'Íbàdàn. Èmi náà wà níbẹ̀, mo gbọ́ bí ó ṣe bú sẹ́rìn-ín nínú fóònù.

"Mà, ẹ̀rọ tiwa kì í kírun o."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀," ìyàwó mi wí. "Ìyẹn ló jẹ́ kó máa ṣe bó ti ń ṣe."

Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ìwé tí àwọn ọ̀gá kọ lọ́nà wúruwùru, tó ń rí àṣìṣe wọn kí wọ́n tó rí i, ó wo ẹ̀rọ kan dáadáa, ó sọ ohun tó rí, ọmọkùnrin kan sì fi ṣe àwàdà. Ká ní ó bi í léèrè ni. Ká ní ó sọ pé, "Mà, kí ló máa ń yàtọ̀ nínú ilé yín tí wọ́n bá pèrun?" Mo ti ro ìbéèrè yẹn títí, ó ti sú mi.

Ní ọjọ́ ẹ̀wà yẹn, ẹnì kan dá a lóhùn nígbẹ̀yìn. Ìyàwó mi tan kọ̀ǹpútà, ó pa á, ó tún un tàn. Ó jù ú sílẹ̀, ó gbìyànjú rẹ̀, ó já, ó pè padà, orin. Lẹ́yìn ìrun Àyìlà, ó ní, "Dádì, ẹ wá gba fóònù yìí, orí ń fọ́ mi díẹ̀." Ó lọ dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo lọ jí i pé kó wá jẹun, kò mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́. A gbé e dé ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé nǹkan kan ti já nínú orí. Kí wọ́n tó pèrun Màgàríbì, ó ti kú.

Mi ò sọ pé àwọn ará Ìbàdàn ló pa á. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn ni wọ́n ni òwúrọ̀ tó lò kẹ́yìn láyé. Orin wọn ló wà létí rẹ̀.

A sin ín ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí. Lẹ́yìn tí a ti ibojì dé, àwọn àgbà ilé jókòó nípa ọmọ tó wà lókè òkun. Àbúrò bàbá mi, tí í ṣe áfáà, ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ ò gbọdọ̀ fi fóònù sọ ọ́ fún ọmọ yẹn o. Ọmọ tó dá wà nínú yàrá, nínú òtútù. Tó bá ṣubú, ta ni yóò gbé e dìde? Ẹ wá ẹni tí yóò lọ bá a nílé, kó jókòó tì í, kó tó la ẹnu."

Bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ọmọ náà máa ń pè wá, ìyá rẹ̀ ló sì máa ń gbé fóònù. Ẹnì kan ní tó bá pè, kí a sọ fún un pé ìyá rẹ̀ lọ sí Kuta, ó lọ kí ọlọ́mọ tuntun.

"Tó bá tún pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" mo bi í. "Ṣé a ó tún bí ọmọ mìíràn ní Kuta ni?"

Mo sọ fún wọn pé n kò ní parọ́ fún ọmọ mi nípa ìyá rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí yóò lọ bá a gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ Àìkú tó pé.

Ẹnì kan wà. Dókítà kan, ọmọ Olúpọ̀nnà, ń gbé ní ìlú kan náà pẹ̀lú ọmọ wa. Nígbà mélòó kan tí íńtánẹ́ẹ̀tì wa bá fẹ́ ṣe bí ènìyàn, ìwé tí dókítà náà kọ sí ìyá rẹ̀ máa ń gba ọ̀dọ̀ ìyàwó mi wọlé. Ìyàwó mi á tẹ̀ ẹ́ jáde, á gun ọ̀kadà lọ sí Olúpọ̀nnà, á kà á fún màmá náà. Dókítà náà ti kó kúrò nílé tó ń gbé tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà fóònù tí màmá rẹ̀ ní kò lọ mọ́. Í-méèlì rẹ̀ nìkan la ní. Ohun tó wà láàárín ọmọ mi àti kí ó dá gbọ́ ikú ìyá rẹ̀ nínú yàrá òtútù ni wáyà méjì tí kò gbọ́ra wọn yé nínú yàrá iwájú mi.

Mo gbìyànjú rẹ̀ léraléra, láàárín àwọn tó ń wọlé wá kí mi. Ó já bí ó ti ń já. Ní Ọjọ́bọ̀, mo pe Ìbàdàn. Orin. Lẹ́yìn orin, ọmọbìnrin kan gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Orúkọ wo ló wà lórí àkántì yín?"

Mo sọ orúkọ ìyàwó mi.

"Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀, sà."

"Ó ti kú. Àná la sin ín."

"Ẹ kú àmúmọ́ra, sà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ padà sí bó ti wà. "Bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é ni, sà, ẹni tó ni àkántì nìkan la lè bá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ máa mú ìwé ẹ̀rí ikú wá sí ọ́fíìsì wa, ká lè fi orúkọ yín rọ́pò tiwọn."

"Mi ò wá rọ́pò ẹnikẹ́ni. Ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Tí mo bá rí epo ra, tí mo wá sí ọ́fíìsì yín, ṣé mo lè fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀?"

"A kì í gba oníbàárà wọ yàrá ẹ̀rọ, sà. Ṣé ẹ ti gbìyànjú láti pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn?"

"Mo ti ṣe é."

"Ẹ jù ú sílẹ̀, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá padà pè wá."

"Tí mo bá pè padà, ṣé ìwọ ni màá bá?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá gbé e, sà."

"Ṣé màá tún sọ fún ẹni yẹn pé ìyàwó mi ti kú?"

Orin bẹ̀rẹ̀. Mo rọra gbé fóònù kalẹ̀, nítorí pé a kò tọ́ mi láti máa ju nǹkan, àwọn àlejò sì wà ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo ń sọ fún ara mi àwọn ọ̀rọ̀ tí n kò sọ sí ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Alájà, ló ń gbé ilé bàbá wa, lẹ́yìn ilé mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn obìnrin tó wá kí wa ń jókòó sí ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ní àárọ̀ Sátidé, tí èrò ti dínkù lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹta, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà wá fún mi. Ó bá mi níwájú kọ̀ǹpútà. Ó jókòó sórí àga tí ìyàwó mi máa ń fún àwọn oníbàárà, ó ní òun kò ní lọ títí n ó fi jẹ ẹ́. Mo ní ẹ jẹ́ kí n ṣe èyí ná. Módẹ́mù bẹ̀rẹ̀ sí í pè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Tíṣà, ohùn yìí ni," Alájà wí.

"Ohùn wo?"

"Ohùn tó máa ń wà nínú fóònù mi. Aago á kọ́kọ́ dún tín, tín, tín, kì í dún gbọnmọgbọnmọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Màá dìde, màá lọ gbé e. Ohùn yìí ni màá gbọ́. Mo rò pé ọmọ wa ló ń pè láti òkè òkun, pé jíjìn tí ọ̀nà jìn ló sọ ohùn rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀. Màá kí i. Màá ní, 'Gbogbo ilé wà o, ọkọ mi, ṣé ò ń jẹun níbẹ̀?' Màá ṣàdúrà fún un, màá gbé e kalẹ̀."

"Ìgbàkúùgbà tó bá dún lẹ máa ń gbé e?"

"Àfi tí mo bá wà lórí ìrun. Ta ni fóònù ọmọ rẹ̀ máa dún, tí kò ní gbé e?"

Nígbà tí a fa ìlà àtijọ́ wá sí ilé mi, a kò gé e kúrò lọ́dọ̀ Alájà. Òṣìṣẹ́ fóònù kàn so wáyà mìíràn mọ́ ọn ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ti ń tẹ nọ́ńbà, aago Alájà á máa mì. Ìyá àgbà náà á dìde lórí ẹní, orúnkún ń dùn ún, á rọra rìn dé ìdí fóònù. Bí yóò fi dé ibẹ̀, ìlà kìíní á ti wọlé, ìlà kejì á máa pè. Á gbé e, á kí ọmọ rẹ̀, ìlà á já.

Àwọn ará Ìbàdàn ní ẹ̀rọ. Wọ́n ní táì. Wọ́n ní orin. Nínú gbogbo àwọn tó bá wa sọ̀rọ̀, kò sí ẹnì kan tó béèrè bóyá fóònù mìíràn wà lórí wáyà náà. Èmi náà mọ̀ pé fóònù wà lọ́dọ̀ Alájà, mo mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ ilẹ̀kùn ilé bàbá mi. Nínú ilé wa a kì í kà á sí fóònù kejì. Fóònù bàbá wa ni, ẹnu méjì ló kàn ní. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi kọ́ ni láti mọ̀ pé ìyẹn lè já íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tiwọn ni. Àwọn la fi ìyẹn lé lọ́wọ́, ìyàwó mi sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdajì rẹ̀ fún wọn, wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

"Ṣé mo ba nǹkan jẹ́ ni?" Alájà béèrè. Ó ti rí ojú mi.

"Rárá, Alájà. Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́."

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà kejì ti wọlé. Ti àkọ́kọ́ kò já. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé bàbá wa tí yóò gbé fóònù. Àwọn ìwé tí wọ́n ti há sí Ìbàdàn ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn ti ọ̀dọ̀ ọmọ wa, sí ìyá rẹ̀. Mi ò ṣí i.

N kò tẹ ìwé rí láyé mi. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, èmi á fi ọwọ́ kọ, òun á tẹ̀ ẹ́. Kódà ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi, òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ibi tí a máa ń tẹ̀ kí ìwé tuntun lè ṣí, nítorí pé mo ti dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó. Mo ní kí Alájà jókòó síbẹ̀, kó má lọ sílé. Ó ní òun ò ní lọ síbì kankan, ẹ̀kọ ń tutù.

Ìka kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Mo wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa nǹkan nínú iyanrìn. Mo ṣì í, n kò mọ bí wọ́n ti ń pa á rẹ́, mo fi àṣìṣe náà sílẹ̀. Mo kí dókítà náà. Mo sọ fún un pé ìyá àwọn ọmọ mi, ẹni tó máa ń ka ìwé rẹ̀ fún màmá rẹ̀, ti kú, a sì ti sin ín. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa lónìí, tàbí ní àárọ̀ ọ̀la kó tó pè wá. Kí ẹ wọlé kí ẹ tó sọ ọ́. Kí ẹ jẹ́ kó jókòó. Kí ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sí i, mo kọ orúkọ mi.

Mo kà á fún Alájà. Ó ní kí n fi kún un pé kí ọmọ náà jẹun. Mo fi kún un.

Mo tẹ ibi tí a ń tẹ̀ kí ìwé lè lọ. Ó fà díẹ̀, ìlà kékeré kan ń sáré lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ó lọ.